Ìgbà Kì Í Sọ Ara Rẹ̀ Lórúkọ

Bí ènìyàn bá dúró díẹ̀ ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí tí ó bá gba inú ọjà Akẹ́sán kọjá ní Ọ̀yọ́ Aláàfin, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, tí yóò máa wí pé, "Láyé àtijọ́, nígbà tí omi inú ọ̀rá ṣì jẹ́ náírà mẹ́wàá," bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí ó ń sọ náà kò ju 2014 lọ. Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí láti 2020 wá ti sọ aṣọ ọmọdé di àkísà kí ó tó gbó, nítorí náà n kò lè bá a wí pé ó ń sunkún àná. Èdè tí ó fi ń sunkún náà ni kí a jọ yẹ̀ wò.

Àtijọ́ jìnnà. Ẹni tí ó bá ń wí pé "láyé àtijọ́" tàbí "láyé ọjọ́un" yẹ kí ó ti fi ìgbà náà sẹ́yìn tipẹ́tipẹ́, tàbí kí ó jẹ́ pé lẹ́nu baba rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Fún ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ tó: ìjọ́sí wà, èṣí wà, ìdúnta àti ìdúnrin wà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ bí a ti ń kà wọ́n mọ́. Bí a bá wà ní 2025, èṣí ni 2024, ìdúnta ni 2023, ìdúnrin sì ni 2022, nítorí pé àwa a máa ka ọdún tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka òní mọ́ ìjẹta. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdúnta ni ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti fi ọdún kan ṣòfò.

Àárò ni orúkọ ohun tí ń ṣe ọ̀dọ́ náà. Àárò ní í sọ ènìyàn. Ènìyàn kì í sọ àárò. Bí a ti ń wí pé ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí, bẹ́ẹ̀ náà ni à ń wí pé àárò ìgbà náà ń sọ mí. Àwọn tí ń wí pé "mo ń mísì ìgbà yẹn" kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi, ṣùgbọ́n ohun tí ó dára wà nílé tí wọ́n fi ń tọrọ lóde. Ẹ má sì fi àmì ohùn ṣeré, nítorí orí ààrò ni a ń gbé ìkòkò kà, àárọ̀ sì ni ojúmọ́ ń mọ́.

Ní Akẹ́sán, ìyá kan tí ń ta ẹ̀wà ń fi ọwọ́ gbá orí kọ́ńgò rẹ̀ kí ó lè bá ẹnu dọ́gba, kí hóró kan má baà ṣèèṣì lé téńté. Ọmọbìnrin tí ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ìyá mi, ẹ ṣe èènì sí i fún mi." (Inú mi dùn pé èènì ni ó pè é, kò pè é ní jára.) Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, èènì ti bá ayé Jónátánì lọ." Àgbà ni ó sọ̀rọ̀ yẹn. Kò ka ọdún ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó pe ìgbà ní orúkọ ẹni tí ó wà lórí oyè, bí a ti ń pè é nílẹ̀ yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, a ó rí i pé ìgbà kì í sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Èyí tí ó bá tẹ̀lé e ní í sọ ọ́. Ayé Abíọ́dún, Aláàfin tí ó ṣẹ́gun Baṣọ̀run Gáà ní 1774, ni ẹnu àgbà Ọ̀yọ́ ń yìn títí di òní fún ọ̀pọ̀ owó àti ìdẹ̀ra, ayé Aólẹ̀ tí ó jẹ tẹ̀lé e ni wọ́n sì fi ń ṣe àpẹẹrẹ ìfọ́nká. Ojú mi kò tó o, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kò sí ẹni tí ń kùn láyé Abíọ́dún. Àwọn tí ó di ẹrù láyé Aólẹ̀ ni ó bojú wẹ̀yìn tí wọ́n fi oríkì dá a lọ́lá. Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè.

Ẹ jẹ́ kí a wá rántí bí 2010 sí 2019 ti rí nígbà tí ó wà láàyè. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2012, epo bẹntiróòlù fò láti náírà 65 sí 141, ará ìlú tú jáde, ìjọba sì dá a padà sí 97; èpè tí a ṣẹ́ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò ní òǹkà. Ní oṣù Èbìbí 2016 ó di 145. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ owó tí ó dá ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti Ọ̀ṣun tí nígbà náà wọ́n jọ ni Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá láàmú mú kí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 àti 2017, tí àwọn tí ń ta oúnjẹ ní Under-G, lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ń wo ojú ọ̀nà títí. Iṣẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì parí jálẹ̀ ìgbà náà. Ọ̀nà tóóró àtijọ́ ni ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ èrò ń bá ara wọn dù, òkú sì ń sùn níbẹ̀. Àwọn tí ó sin èèyàn wọn lọ́nà yẹn kò ní bá ẹnikẹ́ni kọ orin ayé dùn nígbà náà. Ìgbà kan náà ni àwa yòókù ti wá gbẹ́ lére yìí.

Ọjọ́ tí ìgbà náà kú gan-an kò ṣòro láti mọ̀ ní Ọ̀yọ́: ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020 ni iná jó Akẹ́sán. Kí a tó nu omijé kúrò lójú, kòrónà dé. Ní oṣù Ọ̀wàrà, ìfẹ̀hónúhàn lórí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá, di rògbòdìyàn tí ó dé ààfin Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀pẹ 2021, Ṣọ̀ún náà, Ọba Jìmọ́ Oyèwùmí, Ajagungbadé Kẹta, wàjà. Oṣù kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, Adébáyọ̀ Àlàó-Àkàlà, gómìnà àná, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, papòdà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejìlélógún oṣù Igbe 2022, Ikú Bàbá Yèyé, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Ọláyíwọlá Adéyẹmí Kẹta, náà wàjà. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí mo lò. Wàjà, èyí tí í ṣe wọ àjà, ti ọba ni. Ẹni tí ó bá wí pé gómìnà wàjà ti fi adé tí kò jẹ dé e. Papòdà tàbí jáde láyé ni ti ìjòyè àti ẹni ńlá.

Orúkọ wo ni ìgbà tí ó kú náà yóò wá máa jẹ́? "Ayé Làmídì" gùn jù ú lọ, nítorí láti 1970 ni ọba náà ti wà lórí ìtẹ́. "Ayé Jónátánì" kúrú jù, 2015 ni ó parí. Ẹ̀wádún, tí àwọn òǹkọ̀wé òde òní ṣe láti ara ẹ̀wá àti ọdún, dára, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọjà. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó kù, bí àwọn baba wa ti ń wí pé ọdún lúkúlúkú fún 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn jà, tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń fi ogun Àgbẹ́kọ̀yà ka ọjọ́ orí ọmọ. Mo fọkàn sí i pé "kí Akẹ́sán tó jó" ni Ọ̀yọ́ yóò máa wí, "kí kòrónà tó dé" sì ni ti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá di ti ìwé kíkọ, "àwọn ọdún 2010 sí 2019" ni kí a kọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so lẹ́tà s mọ́ ìdí 2010 bí àwọn oníwèé ìròyìn kan ti ń ṣe, "àwọn" tí ó ṣáájú ti ṣe iṣẹ́ náà tán.