Gbọ́ Kí O Tó Fèsì: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìdíje Àríyànjiyàn

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, ta ni ó gba ilé ẹ̀kọ́ girama kọjá tí kò mọ ìkíni yìí: “Alága ọ̀wọ̀, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò tí aago rẹ̀ péye, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi”? Ìkíni náà dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà bá wọn kọ sórí. Bí alátakò bá wá sọ ohun tí kò sí nínú ìwé wọn, ọ̀rọ̀ a pèsì jẹ.

Àríyànjiyàn kì í ṣe àkọ́sórí. Etí ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹnu tó tẹ̀lé e. Ìdíje àgbáyé ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, fi èyí hàn kedere. Nínú 100 máàkì, 40 ni ti ohun tí a sọ, 40 ni ti bí a ṣe sọ ọ́, 20 sì ni ti ọgbọ́n ìtòlẹ́sẹẹsẹ àti mímọ kókó tí ó yẹ kí a dáhùn. Fún àwọn àkòrí kan, wákàtí kan péré ni àwọn ọmọ ní láti múra, láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ohun mẹ́ta ni ó lè ran ọmọ lọ́wọ́.

Èkínní, kí ó pín ojú ìwé rẹ̀ sí méjì. Kí ó máa kọ kókó ọ̀rọ̀ alátakò sí apá òsì, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Àyè tí ó bá ṣófo ní apá ọ̀tún ni yóò fi mọ ibi tí wọ́n ti lè borí rẹ̀.

Èkejì, kí ó tún ọ̀rọ̀ alátakò sọ láìyí i po, kí ó tó fèsì. Ká ní àkòrí ni pé ó yẹ kí a fi òfin de fóònù ní ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́. Alátakò ní fóònù ń jẹ́ kí ọmọ rí ìwé tí kò sí ní ilé ìkàwé. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì dáhùn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò wí pé: “Òtítọ́ ni pé ìwé kò tó. Ṣùgbọ́n èyí fi hàn pé ilé ẹ̀kọ́ nílò kọ̀ǹpútà sí i. Kò fi hàn pé fóònù yẹ lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ lóru.”

Ẹ̀kẹta, kí ó jiyàn náà ní ìhà méjèèjì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti gbè sẹ́yìn àbá náà, àti mẹ́ta mìíràn láti takò ó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bá ọmọ yín kọ ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè ni kí ẹ máa bi í. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ife ẹ̀yẹ tí ẹ fi ń ta wá lọ́rẹ dára, ṣùgbọ́n a tún fẹ́ yín lórí àga adájọ́, kí ẹ bi ọmọ ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé Òwe náà, ní orí 18, kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń fèsì kí ó tó gbọ́. Lọ́la, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò jókòó ní ilé ẹjọ́, ní ìpàdé ìjọ àti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí wọn kò bá kọ́ láti gbọ́ ẹnìkejì níhìn-ín, níbo ni wọn yóò ti kọ́ ọ?