Àgbẹ̀ Ọlọ́sìn: Iṣẹ́ Ìmọ̀ Ni, Kì í Ṣe Iṣẹ́ Agbára Nìkan

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ẹni tí kò ráyè kàwé ni í ṣe àgbẹ̀. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí fẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ àròjinlẹ̀ ni iṣẹ́ ẹni tí ó ń dáko, tí ó sì ń sin ẹran.

Èkíní, kí ó mọ ọjọ́. Àgbàdo ń gba nǹkan bí oṣù 3 sí 4 kí ó tó gbó. Ẹ̀gẹ́ ń gba oṣù 9 sí 12, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oyún ewúrẹ́ àti ti àgùntàn jẹ́ nǹkan bí oṣù 5, ti màlúù jẹ́ nǹkan bí oṣù 9. Adìẹ a sì máa pa ẹyin rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 21. Ẹni tí ó bá kọ ọjọ́ tí òbúkọ gun ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ yóò ti tún ilé ẹran ṣe kí ọmọ tó dé. Ẹni tí kò kọ ọ́ lè bá òkú ọmọ ẹran nínú òjò.

Ìkejì, kí oko bọ́ ẹran, kí ẹran sì bọ́ oko. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé ẹ̀wà jẹ́ oúnjẹ ẹran. Ṣùgbọ́n èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró nínú. Ẹ jẹ́ kí a sá a gbẹ dáadáa kí a tó fún ẹran jẹ. Ajílẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹran, ṣùgbọ́n bí a bá dà á ní tútù sí ìdí irúgbìn, yóò jó o. Kí a kó o jọ títí yóò fi jẹrà. Bí a bá sì gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, gbòǹgbò rẹ̀ a máa fi oúnjẹ kún ilẹ̀.

Ìkẹta, kí ó dènà àdánù. Lúkúlúkú lè pa adìẹ ilé kan tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí oògùn tí í wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò, nítorí náà, kí a pe dókítà ẹran nígbà tí ara wọn ṣì le. Bákan náà, àgbàdo tí a kó sí àká láìgbẹ a máa bu, májèlé inú àgbàdo bíbu sì ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ti ẹran jẹ́.

Ìkẹrin, kí ó mọ iye ohun tí ó ní. Ọjọ́ ìkórè ni a ń yọ sàká irè oko. Bí ọkà bá pé wasq 5, ìyẹn nǹkan bí kílò 650, ìdá 1 nínú 10 ni sàká èyí tí òjò rin; ìdá 1 nínú 20 ni ti èyí tí a fi làálàá bomi rin. Ewúrẹ́ tàbí àgùntàn 40 tí ó pé ọdún lọ́wọ́ wa, ẹran 1 ni. Màlúù 30, ọmọ màlúù 1. Báwo ni ẹni tí kò ka ẹran rẹ̀ yóò ṣe mọ ẹ̀tọ́ aláìní tí ó wà nínú wọn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ewúrẹ́ 2 àti ebè díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ọkọ́, ẹ kọ́kọ́ ra ìwé tí ẹ óò máa kọ ọjọ́ àti iye sí. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.