Òtítọ́ Lẹ́nu Aláṣẹ Nígbà Ọ̀wọ́n: Àyẹ̀wò Ọ̀ràn Ilẹ̀ Gánà

Nínú hadīsì kan tí Imāmu Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abū Hurayrah, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dárúkọ ènìyàn mẹ́ta tí Ọlọ́hun kò ní bá sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́ Àjíǹde: arúgbó onísìná, ọba òpùrọ́, àti tálákà onígbèéraga. Al-Qādī ‘Iyād ṣàlàyé pé ohun tí ó mú kí ẹ̀ṣẹ̀ wọn wúwo ni pé kò sí ohun tí ó ń ti ẹnikẹ́ni nínú wọn sí i. Ẹni tí ó bẹ̀rù ẹlòmíràn ni ó ń purọ́. Ta ni ọba ń bẹ̀rù? Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ayé òde-òní ń bẹ̀rù olùdìbò, wọ́n sì ń bẹ̀rù ẹni tí ó yá wọn lówó. Ǹjẹ́ ìbẹ̀rù yìí ha lè sọ irọ́ wọn di fífúyẹ́ bí? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí iye sídì ń já wálẹ̀ ní Accra, mínísítà ètò ìṣúná, Ken Ofori-Atta, tẹnu mọ́ ọn pé Gánà kò ní tọ àjọ IMF lọ. Owó-orí lórí fífi owó ránṣẹ́ nípasẹ̀ fóònù, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí e-levy, ni ìjọba gbójú lé. Owó-orí náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ìjọba kéde pé Ààrẹ Akufo-Addo ti fún mínísítà náà láṣẹ láti bá IMF sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún náà, Ààrẹ bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé inú ìṣòro ńlá ni orílẹ̀-èdè wà. Ó yẹ kí a yìn ín fún èyí, nítorí ó ṣòro fún olóṣèlú láti sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ti ṣèlérí pé a kò ní gé owó àwọn tí wọ́n ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba. Oṣù méjì kò pé tí ìjọba fi gbé ètò jáde pé kí wọ́n fi ìwé àtijọ́ gba tuntun tí èlé rẹ̀ kéré, tí ọjọ́ sísan rẹ̀ sì jìnnà. Ní oṣù Disẹ́ńbà yìí kan náà, ọ̀wọ́n ọjà dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba sì dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkèèrè dúró. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì lọ ń fẹ̀hónú hàn ní ilé-iṣẹ́ ìṣúná. Sophia Akuffo, adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀ rí, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé ribà ni èlé orí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣì sọ. Síbẹ̀, owó gan-an tí arúgbó fi pamọ́ kì í ṣe ribà.

Àwọn agbèjà aláṣẹ a máa sọ pé bí Ààrẹ bá sọ òótọ́, gbogbo ènìyàn ni yóò sáré lọ gba owó wọn. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n hadīsì Ummu Kulthūm kò ju àyè mẹ́ta lọ tí a ti gbọ̀jẹ̀gẹ́ nípa ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́: ojú ogun, ìlàjà, àti ọ̀rọ̀ láàárín ọkọ àti aya. Àpò ìlú kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni aláṣẹ tí ẹ̀rù ń bà ṣì ní ọ̀nà kan: kí ó dákẹ́. Dídákẹ́ lórí ìwé ẹ̀yáwó yàtọ̀ pátápátá sí ṣíṣe ìlérí lórí rẹ̀, nítorí ìlérí náà ni ó mú kí ẹlòmíràn fi owó rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún Ramādah, tíí ṣe ọdún 18 Hijrah, Kálífà ‘Umar kò sọ fún ará Mẹ̀dínà pé ìyàn kò mú. Ó kọ̀wé sí àwọn gómìnà rẹ̀ pé kí wọ́n fi oúnjẹ ránṣẹ́, kò ka ìtọrọ náà sí àbùkù, òun fúnra rẹ̀ kò sì jẹ ọ̀rá bọ́tà títí ara fi tu àwọn ènìyàn.

Ìsẹ́ra mìíràn wà tí ó kan àwa Yorùbá tààrà: kí aláṣẹ di ẹ̀bi ọ̀wọ́n ru àlejò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà àti Ìlọrin kó ẹrù wọn, ọ̀pọ̀ sì fi ilé àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. (Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ sí àwọn ará Gánà ní 1983, nígbà tí owó epo já, kí a má ṣe gbàgbé.) Lílé wọn kò tún ọrọ̀ ajé Gánà ṣe. Ní òpin ọdún 1971, Busia gbà níkẹyìn pé sídì kò tó iye tí wọ́n ń pè é, ó sì dín in kù gidigidi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé, kò sì sí ẹni tí a pèsè ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1972, Ọ̀gágun Acheampong gba ìjọba. Ìyípadà iye sídì náà wà lára ẹ̀sùn tí ó kà sí i lọ́rùn.