Àìsàn Oyin àti Àìdarí Wálé: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn Òfurufú Oyin Òṣìṣẹ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Òwe yìí bá ìgbésí ayé oyin mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ti àgbẹ̀ mu. Oyin tó jáde lọ wá oúnjẹ kò ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ nìkan. Ohun tó bá kó jọ kò wúlò fún agbo rẹ̀ àfi bí ó bá gbé e délé. Nítorí náà, bí àìsàn kan kò bá tilẹ̀ pa oyin lójú ẹsẹ̀, bí ó bá ti dí i lọ́wọ́ àtipadà sílé, ó ti ṣe gbogbo agbo ní ibi. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àìsàn ṣe ń nípa lórí fífò oyin àti ọ̀nà mímọ̀ rẹ̀. Ó tún yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe tí olùkọ́ Yorùbá yóò fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé 'ó ṣìnà' àti 'kò darí wálé' kì í ṣe ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ náà 'oyin' ní ìtumọ̀ méjì nínú èdè Yorùbá: kòkòrò tó ń fò, àti ohun dídùn tó ń pèsè. Kòkòrò náà ni 'oyin' dúró fún nínú iṣẹ́ yìí.

Bí Oyin Ṣe Ń Mọ̀nà

Ayaba ló ń yé ẹyin nínú ilé oyin. Àwọn abo òṣìṣẹ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yòókù. Inú ilé ni òṣìṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: ó ń tọ́jú ọmọ, ó ń mọ afárá, ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó bá tó bí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń di olùwá-oúnjẹ. Ṣáájú àkókò náà, yóò ti máa fò yí ilé ká, yóò máa fi ojú ṣe àmì igi, òkè àti ohun mìíràn tó wà nítòsí. Bí ó bá jìnnà sílé, oòrùn ni atọ́nà rẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, ìwọ̀nba ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ lè fi ibi tí oòrùn wà hàn án, nítorí pé ojú rẹ̀ ń rí ètò ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí. Bí ohun tó wà nílẹ̀ ṣe ń sáré kọjá lójú rẹ̀ ni ó fi ń díwọ̀n bí ọ̀nà ti jìn tó.

Karl von Frisch, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Austria, ló túmọ̀ ijó tí oyin fi ń júwe ọ̀nà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wà lára àwọn mẹ́ta tó jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973. Ìhà tí oyin kọjú sí bí ó ṣe ń jó lórí afárá ń sọ ìhà tí oúnjẹ wà sí oòrùn. Bí ijó náà ti pẹ́ tó ń sọ bí ọ̀nà ti jìn tó. Ó hàn nínú èyí pé ohun mẹ́ta ni ìrìn oyin dúró lé lórí: ojú, iyè àti agbára. Ìbéèrè tó jẹ yọ ni pé, èwo nínú wọn ni àìsàn ń bà jẹ́?

Varroa àti Fáírọ́ọ̀sì Tó Ń Ká Oyin Lápá

Varroa destructor jẹ́ kòkòrò kékeré tó fi ara jọ eégbọn. Ara oyin ilẹ̀ Éṣíà, Apis cerana, ló ti ṣí wá sára Apis mellifera tí àwọn ènìyàn ń sìn káàkiri ayé. Inú ihò afárá tí ọmọ oyin wà ni ó ti ń bímọ. Ó ń fa ọ̀rá ara oyin, ó sì ń kó fáírọ́ọ̀sì ràn án. Oyin tí fáírọ́ọ̀sì náà bá kọlù gidigidi láti kékeré yóò jáde pẹ̀lú apá kíká tí kò ṣe é fò. Àwọn mìíràn wà tí apá wọn dá ṣáká lójú, síbẹ̀ tí àìsàn wà nínú wọn.

Ní ọdún 2006, Jasna Kralj àti Stefan Fuchs ṣàlàyé ìwádìí wọn ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn oyin tí Varroa wà lára wọn pẹ́ lóde ju àwọn tí ara wọn mọ́ lọ, àwọn tí kò padà wálé nínú wọn sì pọ̀ jù. Ní ọdún 2007, ìwádìí fi hàn pé Varroa ń nípa lórí bí oyin ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2016 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Rothamsted, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so oyin mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń yí po láti díwọ̀n bí wọ́n ṣe ń fò. Fáírọ́ọ̀sì yìí dín jíjìn àti pípẹ́ fífò wọn kù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, nígbà náà, pé iyè àti agbára ni ìyọnu yìí jọ ń bá jà.

Nosema: Ọ̀nà Kò Sọnù, Agbára Ló Tán

Inú ìfun oyin ni Nosema ceranae ń gbé, tí àwọn onímọ̀ kan ti ń pè ní Vairimorpha ceranae láti ọdún 2020. Ó ń jẹ nínú oúnjẹ tí oyin jẹ, ebi a sì máa pa oyin náà ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2014, Stephan Wolf àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n lẹ ohun tíńtín kan mọ́ ẹ̀yìn oyin, kí rédà lè máa tọpa rẹ̀ bí ó ṣe ń fò. Nínú àwọn oyin tí ara wọn le, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló darí wálé. Nínú àwọn aláìsàn, ìdá 65.8 péré ni.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀nà mímọ̀ àwọn aláìsàn kò yàtọ̀ ní pàtàkì sí ti àwọn tó le. Àwọn tí kò darí wálé ni kò lè fò pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ń sinmi pẹ́ lójú ọ̀nà. Wọn kò gbàgbé ilé. Ara ni kò gbé wọn débẹ̀.

Ta Ló Pàdánù, Ta Ló Jàǹfààní?

Bí olùwá-oúnjẹ kò bá dé, oúnjẹ agbo dín kù. Bí irú wọn bá pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ yóò jáde ṣáájú àkókò wọn, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ náà dé ojú àmì bí àwọn tó ti gbó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì: aláìsàn tó kú sóde kò ní ran àwọn tó wà nílé. Àwọn olùwádìí mẹ́nu ba apá méjèèjì. Ó bọ́gbọ́n mu láti sọ pé iye ló ń pinnu: ikú díẹ̀ lóde lè dáàbò bo agbo, bí ó bá pọ̀ jù, ààbò náà á di ìparun.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkè òkun nìkan. Apis mellifera adansonii ni oyin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àkọsílẹ̀ ọdún 2012 sì fi hàn pé Varroa ti dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé rẹ̀, kò yẹ kó máa pe gbogbo oyin tó sọnù ní 'oyin tó ṣìnà'. Ẹni tó ṣìnà kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tí àárẹ̀ mú mọ ibẹ̀, kò lágbára àtidé ibẹ̀ ni. 'Àárẹ̀ mú un lọ́nà' ló bá ti Nosema mu. 'Ó ṣìnà' lè ní àyè tirẹ̀ níbi tí àìsàn bá ti kan iyè. Níbi tí ẹ̀rí kò bá ti yanjú, 'kò darí wálé' ló dára jù, nítorí pé ohun tí ojú rí nìkan ló sọ.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àìsàn lè ba fífò oyin jẹ́ láìba ọ̀nà mímọ̀ rẹ̀ jẹ́, àti pé àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń gbà wọlé. Ìyàtọ̀ yìí ti wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá. Kí olùkọ́ lò ó bí ó ti yẹ ló kù. Olùkọ́ tó bá pe àárẹ̀ ní ìṣìnà yóò kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì tí kò tọ́, yóò sì tún kọ́ ọ ní Yorùbá tí kò tọ́.