Yíyọ Ènìyàn Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Lè Kọ Ìlànà Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí a lè gbà fi èdè Yorùbá kọ ìwé ìlànà fún irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà. Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni èyí tí a fi ń yọ ènìyàn kúrò nínú ẹgbẹ́. Àwọn kan lè bi wá pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú èyí. Ó kàn wá púpọ̀. Bí àlàyé kò bá gún régé, ẹni tí a kàn fẹ́ yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ kan lè di ẹni tí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ pátápátá.

Ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ìlú

Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá kúrò nínú ẹgbẹ́ aláàárò, kò sọ pé kó má gbé inú ìlú mọ́. Ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, oko rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí á lé ènìyàn kúrò nílùú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí lórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Olúkúlùkù ni ó ní orúkọ tí ó fi ń wọlé, a sì máa ń pín wọn sí ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ènìyàn wà ni ó ń sọ fáìlì tí ó lè ṣí àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Lórí Debian, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, irinṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ deluser. Bí alábòójútó bá kọ:

deluser ade akowe

irinṣẹ́ náà yóò yọ ade kúrò nínú ẹgbẹ́ akowe, kò sì ní í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ kẹta, tí ó kọ:

deluser ade

orúkọ ade ni yóò pa rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó wà láàárín yíyọ kúrò nínú ẹgbẹ́ àti lílé kúrò nílùú!

Ibi tí èdè ti lè kó wá sí wàhálà

Èkíní ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí a bá kọ ọ́ pé 'yọ òṣìṣẹ́ kúrò', tí a kò sọ ibi tí a ti yọ ọ́, òǹkàwé kò ní í mọ èyí tí à ń wí nínú méjèèjì. Ó yẹ kí á fi 'yọ … kúrò nínú ẹgbẹ́' mọ sí ti ẹgbẹ́, kí á sì fi 'pa orúkọ rẹ́' mọ sí èkejì, kí á má sì pààrọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èkejì ni arọ́pò-orúkọ. Ẹ wo gbólóhùn yìí: 'Bí alábòójútó bá ti yọ òṣìṣẹ́, kò lè ṣí fáìlì náà mọ́.' Ta ni kò lè ṣí i? Nínú ìtàn, òǹkàwé lè fi òye gbé e. Nínú ìwé ìlànà, kí á tún orúkọ náà pè.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀wọ̀. 'Wọ́n ti yọ wọ́n kúrò' lè jẹ́ àgbàlagbà kan, ó sì lè jẹ́ ogún ènìyàn. Kí á sọ iye wọn, tàbí kí á dárúkọ.

Àpẹẹrẹ ìwé ìlànà

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, ọdún 1971, ni ìwé ìlànà àkọ́kọ́ fún Unix jáde láti ọwọ́ Ken Thompson àti Dennis Ritchie ní Bell Labs, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwé náà ya àyè sọ́tọ̀ fún orúkọ irinṣẹ́, bí a ṣe ń kọ ọ́, àlàyé, àti àbùkù. Ti àbùkù yìí ni ó wù mí jù, nítorí pé ẹni tí ó ṣe irinṣẹ́ ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó kù sí. Mo tẹ̀lé ìlànà náà báyìí:

ORÚKỌ: deluser.

BÍ A ṢE Ń KỌ Ọ́: deluser, orúkọ ènìyàn, orúkọ ẹgbẹ́.

ÀLÀYÉ: A fi ń yọ ẹnì kan kúrò nínú ẹgbẹ́ kan. Alábòójútó nìkan ni ó lè lò ó. Kò lè yọ ènìyàn kúrò nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sí.

ÌKÌLỌ̀: Bí o kò bá kọ orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ ènìyàn náà ni a ó pa rẹ́. Àwọn fáìlì rẹ̀ yóò ṣì wà nílẹ̀, nọ́ńbà lásán ni yóò sì dúró fún ẹni tí ó ni wọ́n. Bí a bá fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà yẹn lẹ́yìn ọ̀la, òun ni yóò jogún wọn.

ÀBÙKÙ: Bí ẹni tí a yọ bá ti wọlé kí a tó yọ ọ́, agbára ẹgbẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi jáde.

Ẹ kíyèsí ti ìgbẹ̀yìn yìí. Alábòójútó tí kò kà á yóò rò pé òun ti ti ilẹ̀kùn, nígbà tí àlejò ṣì jókòó sí yàrá.

Àgbálọgbábọ̀

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìwé ìlànà kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kí ọlọ́gbọ́n àti ọ̀gbẹ̀rì jọ kà á, kí ó sì yé wọn bákan náà. Àwọn àgbà sọ pé ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Àṣẹ orí kọ̀ǹpútà náà, ẹyin ni. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, bí ẹ bá rí irinṣẹ́ kan tí ẹ mọ̀ ọ́n lò, ẹ gbìyànjú kí ẹ kọ ojú-ewé kan péré nípa rẹ̀ ní èdè wa. Kí ẹ má sì gbàgbé ibi àbùkù.