Ìgbàgbọ́ Kò Fagi Lé Ìwé: Ìmúrasílẹ̀ Onígbàgbọ́ Tó Fẹ́ Ra Ilé

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 23:3-20; Jeremáyà 32:6-15; Lúùkù 14:28-30

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló wá kàwé ní Yunifásítì Maiduguri, tàbí tó wá sin ilẹ̀ bàbá wa ní Borno, tí iṣẹ́ sì dá a dúró síbẹ̀. Àwọn kan ti gbéyàwó, wọ́n ti bímọ, owó ilé ọdọọdún sì ti sú wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé ilé kan wà fún títà ní Gamboru, ààwẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ààwẹ̀, kí ló kù? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ wa. Gamboru tí a ní lọ́kàn ni àdúgbò inú ìlú Maiduguri, kì í ṣe èyí tó wà ní Ngala lẹ́bàá ààlà Cameroon.

1. JEREMÁYÀ GBỌ́ OHÙN ỌLỌ́RUN, SÍBẸ̀ Ó KỌ ÌWÉ

Nígbà tí Jeremáyà ra ilẹ̀ ní Ánátótì, inú àhámọ́ ló wà, àwọn ọmọ ogun Bábílónì sì ti dó ti Jerúsálẹ́mù. Hánámélì, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, ló wá tà á fún un. Olúwa fúnra Rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé Hánámélì ń bọ̀.

Ẹ kíyè sí i: ẹbí ni ẹni tó ń tà, Ọlọ́run sì ti sọ̀rọ̀ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó lè sọ pé òun kò nílò ìwé, Jeremáyà ni. Síbẹ̀, ó wọn ṣékélì fàdákà 17 lórí òṣùwọ̀n, ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó sì pe àwọn ẹlẹ́rìí láti fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì ni ìwé náà, ọ̀kan tí a dì, ọ̀kan tí a ṣí sílẹ̀. Ó ní kí Bárúkù fi méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Ẹ̀mí ló darí òun wá, tàbí pé ọmọ fellowship wa ni ẹ́jẹ́ǹtì tó mú ilé wá, ẹ bá a yọ̀, kí ẹ sì béèrè ìwé. Kò túmọ̀ sí pé ẹ kò gbà á gbọ́. Ẹni tó ń ṣe òótọ́ kò ní bínú sí ẹni tó ń wádìí.

2. ÁBÚRÁHÁMÙ, ÀLEJÒ TÓ LỌ SÍ ẸNUBODÈ

Nígbà tí Sárà kú, Ábúráhámù wá ilẹ̀ ìsìnkú láàárín àwọn ará Hétì. Ó sọ gbangba pé àlejò ni òun. Ó dárúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ tó fẹ́, ìyẹn Éfúrónì, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní ẹnubodè ìlú, lójú gbogbo ènìyàn. Éfúrónì ní òun yóò fi ta á lọ́rẹ, ṣùgbọ́n Ábúráhámù san iye rẹ̀ pé, ṣékélì fàdákà 400. Bíbélì ka ohun tó rà lẹ́sẹẹsẹ: oko, ihò inú rẹ̀, àti gbogbo igi tó wà láàárín ààlà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ikú Jékọ́bù sún mọ́lé ní Íjíbítì, ó ṣì ń dárúkọ ẹni tí bàbá bàbá òun ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Maiduguri, ìlú Shehu, ìlú àwọn Kanuri. Ní Borno, Bulama ni olórí àdúgbò. Ààfin Bulama ni ẹnubodè tiwa. Ẹ lọ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ mú ẹni tó gbọ́ Kanuri tàbí Hausa dání bí ẹ kò bá gbọ́. Ẹ tún bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n.

Èkíní: ta ló ni ilé yìí gan-an? Bí bàbá bá ti kú, ogún ni. Nínú òfin Ìsìláàmù, àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin ní ìpín tiwọn, kì í ṣe ọmọkùnrin nìkan. Bí ọmọ kan bá dá tà á, àwọn yòókù lè dìde lọ́la. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ta ni kò rí ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí ní Ìbàdàn tàbí Èkó pé ilé yìí kì í ṣe títà? Gbogbo ajogún ni kí ó fọwọ́ sí i.

Èkejì: ṣé ẹni tó ni ilé wà nílùú? Láti ìgbà tí wàhálà Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀ ní 2009, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi Maiduguri sílẹ̀, tí wọ́n fi ilé ṣọ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé kọ́ ló ni ín. Bí ó bá ní wọ́n ní kí òun tà á, kí ó fi ìwé àṣẹ tí onílé fọwọ́ sí hàn, kí ẹ̀yin náà sì bá onílé sọ̀rọ̀ lójú ara yín, ìbáà jẹ́ lórí fídíò.

Ẹ̀kẹta: ibo ni omi dé? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú Maiduguri. Gamboru wà lára àwọn àdúgbò tó kàn. Ẹ wo ara ògiri, ẹ ó rí ibi tí omi dé. Ọ̀dà tuntun lè bo àmì mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ wo ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá.

3. ẸNI TÍ Ẹ́JẸ́ǸTÌ JẸ́

Dillali ni wọ́n ń pe ẹ́jẹ́ǹtì lédè Hausa. Ó wúlò: ó mọ ilé tó wà nílẹ̀, ó mọ iye tí wọ́n ń tà á, ó sì lè mú yín dé ọ̀dọ̀ onílé. Ṣùgbọ́n aláàárín ni. Ìgbà tí wọ́n bá ta ilé ni oúnjẹ tirẹ̀ tó dé, nítorí náà ó lè máa kán yín lójú. Ẹni tó bá ní kí ẹ sáré sanwó lónìí torí pé ẹlòmíràn ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á.

Kí ẹ tó lọ bá a, ẹ jókòó nílé, tọkọtaya bí ẹ bá ti gbéyàwó, kí ẹ kọ iye tí agbára yín ká, iye yàrá tí ẹ nílò, àti ohun tí ẹ kò lè gbà láéláé. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá ni ẹ́jẹ́ǹtì máa ń wá a fún. Lẹ́yìn náà:

• Ẹ fẹnu kò lórí kọmíṣàn rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi í bóyá ẹni tó ń tà náà ń san tirẹ̀ fún un.
• Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní estate surveyor, ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON.
• Ẹ má ṣe lo lọ́yà tó bá mú wá. Ẹ wá tiyín.
• Ẹ má ṣe kó owó ilé lé e lọ́wọ́. Inú àkáǹtì onílé ní báǹkì ni kí owó wọ̀, kí orúkọ ibẹ̀ sì bá ti ìwé mu. Òfin ọdún 2022 lórí owó ẹ̀gbin kò gbà kí ẹnì kan fi owó tútù tó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ san nǹkan láìgba báǹkì kọjá.

Àwa tí à ń rà náà ní ẹ̀rí ọkàn láti pa mọ́. Bí ẹ́jẹ́ǹtì bá ní kí ẹ kọ iye tó kéré sínú ìwé kí owó ìjọba lè dín, ẹ kọ̀ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí àgbàrá kó ẹrù rẹ̀ lọ ló ń ta ilé, ẹ má ṣe fi ìpọ́njú rẹ̀ já a sí kòròfo. Léfítíkù 25:14 kìlọ̀ fún ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà pé kí wọ́n má ṣe rẹ́ ara wọn jẹ.

4. ÌWÉ TÍ Ẹ Ó BÉÈRÈ

Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti dé, ọwọ́ Gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. C of O ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan, 99 lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹni tó ní in bá fẹ́ tà á, òfin náà ní Gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Rírà láìgba ìfọwọ́sí yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin.

Ní àdúgbò àtijọ́, ẹ lè bá ilé tó jẹ́ pé ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ìwé àdéhùn nìkan ló ní, tó ti kọjá láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ C of O, kò sì yẹ kí iye wọn dọ́gba. Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ìwé tó wà, kí lọ́yà yín sì lọ wádìí wọn ní BOGIS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Borno: orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ṣé wọn kò fi ilé náà yá owó? Kí ó wádìí bákan náà bóyá ẹjọ́ kan wà lórí rẹ̀ ní kóòtù. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ wọn ààlà. Ní ọjọ́ ìfọwọ́síwèé, kí Bulama àti ẹlẹ́rìí tọ̀tún tòsì wà níbẹ̀.

5. KÍ Ẹ KA IYE OWÓ

Jésù sọ ti ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Iye ilé nìkan kọ́ ni owó ilé. Kọmíṣàn wà níbẹ̀, owó lọ́yà, owó ìwádìí, owó awọnlẹ̀, owó ìfọwọ́sí Gómìnà, àti àtúnṣe. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ kún ìṣirò kí ẹ tó dárúkọ iye kankan fún ẹ́jẹ́ǹtì.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ rántí National Housing Fund tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n ń yọ sí i. Ẹni tó bá ti dá a fún oṣù 6 lè tọrọ ẹ̀yáwó nípasẹ̀ báǹkì tó ń yáni lówó ilé, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ṣùgbọ́n wọn kò ní yáni lówó lórí ilé tí ìwé rẹ̀ kò dájú. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé náà ló tún padà wá?

ÌPARÍ

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí a ra ilé ní ìlú tó ti rí ogun tó sì tún rí omíyalé. Ìlú tí ọ̀tá ká mọ́ ni Jeremáyà wà nígbà tó rà, nítorí Olúwa sọ pé a óò tún máa ra ilé àti oko ní ilẹ̀ náà. Ìgbàgbọ́ ló jẹ́ kó rà. Ìgbàgbọ́ kan náà ló jẹ́ kó tọ́jú ìwé sínú ìkòkò amọ̀, torí ó dá a lójú pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò nílò rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí Ábúráhámù kò fi gba ilẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́?
2. Bí ẹ́jẹ́ǹtì bá jẹ́ ọmọ ìjọ wa, báwo ni a ṣe lè wádìí ìwé láìba ìfẹ́ ará jẹ́?
3. Kí ni iye tó tọ́ láti san fún ilé ẹni tí ìpọ́njú mú kó tà á?

ÀDÚRÀ: Olúwa, fún wa ní ilé tí a ó gbé ní àlàáfíà. Fún wa ní sùúrù láti wádìí, ojú láti rí òtítọ́, àti ọwọ́ tí kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.