Owó Àjọ Mi Ńkọ́, Ọmọ Mi Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Géèmù

Olóòtú, Ọjà Ìkòtún ni mo ti ń tajà. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti ṣe WAEC tán, ó sì yege nínú ìṣirò àti físíìsì. Ó ní iṣẹ́ kí èèyàn máa ṣe géèmù orí fóònù ló wu òun, òun ò fẹ́ òmíràn. Bàbá rẹ̀ ní Accounting ni kó lọ kà, pé òun ò ní sanwó ilé-ìwé fún ẹni tó fẹ́ máa ṣeré. Ọmọ náà wá rí ibì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tí wọ́n ní oṣù mẹ́ta làwọn máa fi kọ́ ọ, wọ́n á fún un ní sátífíkéètì, iṣẹ́ á sì dé. Owó tí wọ́n pè ò kéré. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa kó àjọ. Ṣé kí n gbé e fún wọn?
— Ìyá Àkọ́bí, Ìkòtún

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ má gbé owó àjọ yẹn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ọmọ yín pé ohun tó ń lé kò dára, torí iṣẹ́ gidi ni.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọ̀tọ̀ lẹni tó ń gbá géèmù, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń ṣe é. Ọmọdé tẹ ojú fóònù pé kí ọkùnrin inú géèmù fò sórí dáńfó. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, fóònù yẹn lè tún àwòrán ojú rẹ̀ yà nígbà 60. Ní gbogbo ìgbà 60 náà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọkùnrin yẹn dé, bó ṣe ń yára tó, bí ilẹ̀ ṣe ń fà á wálẹ̀, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan òrùlé ọkọ̀. Ẹni tó kọ kóòdù ló ṣírò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ìṣirò náà bá falẹ̀ díẹ̀ báyìí, géèmù á máa dá dúró lójú ọ̀nà, ẹni tó ń gbá a á sì yọ ọ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀. Físíìsì tí ọmọ yín kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ náà l'Ékòó níbí. Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní 2012. Àwọn ló ṣe Whot King. Nígbà tí Disney gbé Iwájú jáde ní 2024, eré àwòrán tó sọ ìtàn Èkó ọjọ́ iwájú, Maliyo ni wọ́n gbé iṣẹ́ géèmù rẹ̀, Rising Chef, fún. Ní 2012 yẹn kan náà, Abíọ́lá Ọláníran, tó kàwé jáde ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀. Orí fóònù Windows ni géèmù wọn ti gbilẹ̀, tí àwọn èèyàn gbà á sórí fóònù wọn ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà.

Ta ló ń lo fóònù Windows lónìí? Microsoft tó ṣe é ti pa á tì. Ibi tí ẹ̀rù oṣù mẹ́ta yẹn ti ń bà mí gan-an nìyí. Ẹni tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ nìkan ló mọ̀, ọjọ́ tí irinṣẹ́ yẹn bá kógbá sílé, iṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ ìṣirò, tó mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú nǹkan pamọ́ àti bó ṣe ń wá a, irinṣẹ́ tuntun ni yóò kàn mú.

Nítorí náà, Computer Science ni kí ó kà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti ọ̀kan sí i ni yóò fi ṣe JAMB. LASU kò jìnnà sí yín: láti Ìkòtún sí Ìgàndò, kó sì tẹ̀ lé títì yẹn lọ sí Ọ̀jọ́. UNILAG wà, Yabatech náà wà bó bá fẹ́ gba ọ̀nà póòlì, níbi tí yóò ti fi ọdún méjì gba ND, kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kó tó padà wá gba HND. Kódà, ní Yunifásítì Abertay ní Scotland, tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ géèmù láti 1997, ìṣirò àti kóòdù náà ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ gbé mì.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá rẹ̀ kì í ṣe lásán o. Ní oṣù kìíní 2024, Microsoft dá òṣìṣẹ́ 1,900 dúró ní ẹ̀ka géèmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka Computer Science, bí géèmù bá dá a dúró, báǹkì ń wá a, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe áàpù ìfowóránṣẹ́ náà ń wá a. Ìdí kejì nìyẹn tí mo fi yàn án fún un.

Ilé-ìwé nìkan kò ní sọ ọ́ di aṣegéèmù ṣá. Ẹ yọ nínú owó àjọ yẹn, kí ẹ fi ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ní RAM 8GB ní Computer Village n'Íkẹjà, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ ẹ̀rọ dání lọ. Ọ̀fẹ́ ni Godot tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ọ̀fẹ́ ni Blender tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán, Godot kò sì nílò dátà lẹ́yìn tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ. Kí ó fi ṣe ayò: ihò 12, ọmọ ayò 48, kí kọ̀ǹpútà máa bá èèyàn ta á. Ó dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ kí ẹ̀rọ tó mọ ihò tó yẹ kó kó, ọmọ yín á ti làágùn. Kó ṣe é parí. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn, torí géèmù kan tó parí, tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, ni àwọn agbanisíṣẹ́ máa kọ́kọ́ ní kó fi hàn wọ́n. Bàbá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé e fún.

Bí ọmọ náà bá ṣì ń rin kinkin mọ́ Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ tẹ̀ lé e lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi géèmù tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe hàn yín lórí Play Store, kí ẹ gbà á sórí fóònù yín níbẹ̀, kí ẹ gbá a. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre, ẹ máa bọ̀ nílé.

Ìyókù owó àjọ, ẹ fi pamọ́ fún fọ́ọ̀mù JAMB àti owó tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọ láti gba ààyè tí wọ́n fún un. Kì í jìnnà sí ọjọ́ tí orúkọ bá jáde tí wọ́n fi ń béèrè ìyẹn.